Ta Ni Yóò Gbé Ọmọ fún Màmá Idella?

Bí ọkọ̀ funfun ilé iṣẹ́ ìlera bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan ní Tallow Creek ní òwúrọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo ìlú á ti mọ àrùn tó ń ṣe onílé, wọ́n á ti mọ ibi tó ti kó o, wọ́n á sì ti mọ ẹni tó kó o ràn án. Bóyá ni ọ̀kan nínú rẹ̀ á jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò pa wá lẹ́nu mọ́ rí. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Lurlean Gaines, nọ́ọ̀sì tó ń wa ọkọ̀ náà, ṣe máa ń dúró ní gbogbo ilé. Bí ó bá ní oògùn fún ẹnì kan ṣoṣo ní ojú ọ̀nà Shiloh, ilé àkọ́kọ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru baba onílé, á béèrè bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, á mu tíì tútù díẹ̀, ó di ilé kejì. Tó bá dé ilé ẹni tó ni oògùn, onítọ̀hún á gbé e mì lójú rẹ̀, Lurlean á sì tún kọjá sí ilé tó kàn. Kò sí aládùúgbò tó lè nàka sí ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tó yẹ kó gba òwúrọ̀ a máa gba odidi ọjọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Montgomery ń ráhùn nítorí epo ọkọ̀. Lurlean á ní kí wọ́n kó wá máa gbé Tallow Creek ná, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ epo.

Ibí yìí ni wọ́n bí i. Ilé iṣẹ́ ìlagi ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú, ìyá rẹ̀ sì ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Birmingham, ó sì ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá kan níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹni tí àìsàn ti gbé ṣánlẹ̀ nìkan ló ń rí níbẹ̀, ó sì ń fẹ́ bá àwọn èèyàn kí wọ́n tó ṣubú. Ló bá padà wálé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Renita, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì ti lọ́kọ sí Atlanta. Láti ìgbà náà, kò lè ra iyọ̀ nínú ìlú yìí kí ẹnì kan má fa aṣọ sókè láti fi egbò hàn án. Díkónì Roosevelt Tate bọ́ bàtà fún un nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, níwájú gbogbo èèyàn, pé kó bá òun wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun.

Ó ní ìwà kan tí kì í dùn mọ́ wa nínú. Kì í gba ìdáhùn àkọ́kọ́. Bí o bá ní ara rẹ le, á jókòó, á tún bi ọ́ ní ọ̀nà mìíràn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún tí mò ń sọ yìí, ara Kezia, ọmọ Tonya Bledsoe, kò yá. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Ibà mú un, kò lọ. Ó ń wúkọ́, ó ń rù. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àwọn ọmọdé ní Birmingham, àwọn dókítà ibẹ̀ sì rí i pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n dá a dúró, wọ́n sì tẹ Lurlean láago.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti Kezia nìkan lọ lójú Lurlean. Ọmọ kékeré kì í sábà kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ran èèyàn. Àgbà ló máa ń kó o ràn án. Ibi tí a bá ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà kan wà nítòsí tó ń wú u, tó ń mí in sí ọmọ lójú, tí òun gan-an ò sì mọ̀. Bí wọn ò bá tètè rí àgbà náà, ọmọ ẹlòmíràn ló kàn. Lurlean kò lè sùn dáadáa nítorí ọmọ ẹlòmíràn tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ yìí.

Ó yẹ Tonya wò, ó yẹ ọkọ rẹ̀ wò, ó yẹ ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ wò. Àyà gbogbo wọn mọ́. Ó wakọ̀ lọ bá Tonya ní ọsibítù.

"Tonya, ta ló tún ń bá ẹ gbé ọmọ yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti bi mí. Èmi, bàbá ẹ̀, ìyá ọkọ mi. Ó tán."

"Ṣé ẹ kì í gbé e lọ síbì kankan ni?"

"Ibo? Mo máa ń tibi iṣẹ́ tá a ti ń pa adìẹ wálé, látilé mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ṣé mo jọ ẹni tó ń gbé ọmọ lọ ilé ijó lójú yín ni?"

"O ò jọ ọ́. Mò ń bi ẹ́ ni."

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò tíì sùn látàná." Tonya nu ojú rẹ̀. "Ẹni tó ṣe ọmọ mi báyìí, ẹ bá mi rí i."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Lurlean jókòó sí àyè rẹ̀ nínú ìjọ Macedonia, ìwé orin lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akọrin dìde. Ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín wọn sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tó ń ké, ó gbé e kalẹ̀ sórí itan ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ tó wọ aṣọ funfun lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó sì sáré padà lọ gbé orin. Kò dúró sọ nǹkan kan. Ìyá ìjọ náà kò tiẹ̀ wo ẹni tó gbé ọmọ wá. Ó kàn ṣí apá rẹ̀ ni.

Orin dúró lẹ́nu Lurlean. Ohun tó ti ń rí láti ìgbà èwe rẹ̀ ni, àwọn ìyá ìjọ sì ti gbé òun náà bẹ́ẹ̀. Bí o bá bi ìyá ọmọ kan ní Macedonia pé ta ló ń bá a gbé ọmọ, kò ní ka bẹ́ǹṣì iwájú mọ́ ọn láéláé, nítorí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kì í ṣe ẹlòmíràn. Tonya kò purọ́. Òun ló ń ṣáájú ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin, láti ìgbà tó sì ti bí Kezia, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi àti gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú tí wọ́n bá ń dán orin wò, itan Màmá Idella Crum lórí bẹ́ǹṣì iwájú yẹn ni ọmọ náà ń wà.

Màmá Idella wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ikọ́ yẹn. Ikọ́ òwú là ń pè é, nítorí pé ilé ẹ̀rọ tó ń ya èso òwú ni ìyá náà ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó máa ń wú u, á ju súìtì minti sẹ́nu, á fún ọmọ tó bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ náà ní ọ̀kan tó bá ti léyín. Lurlean ti ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ikọ́ náà sì ń dún sí i létí bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ilé ẹni bá ń dún. Òun tí kì í gba ìdáhùn àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti gba ìdáhùn ikọ́ yìí láìbéèrè. Ó bínú sí ara rẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ gbóná.

Lẹ́yìn náà ló wò ó dáadáa, tó rí i pé itan Màmá Idella gan-an ni ọmọ tó ń ké lẹ́ẹ̀kan wà.

Ó dìde láàárín orin, ó bọ́ síwájú.

"Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín pààrọ̀ ìlédìí ẹ̀."

"Ó gbẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án ni."

"Ẹ jẹ́ n wò ó náà, mà."

"Lurlean, mo ti ń fọwọ́ kan ìdí ọmọ kí wọ́n tó bí ìyá ẹ. Mo ní ó gbẹ."

Àwọn ìyá ìjọ yòókù ti ń rẹ́rìn-ín. Lurlean náà fi ẹ̀rín sẹ́nu, ó tẹ̀ ba, ó gbé ọmọ náà, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde. Abẹ́ igi píkánì ló dúró sí pẹ̀lú rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ìlédìí náà gbẹ lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró ní gbogbo ilé tó wà ní ojú ọ̀nà Shiloh, ó sì dé ọ̀dọ̀ Màmá Idella nígbà tí oòrùn ti ń mú. Ìyá náà jókòó sí fàráńdà, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́ lórí itan rẹ̀. Lurlean wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó sún àga rẹ̀ lọ sí etí àtẹ̀gùn.

"Kí ló dé tó o jókòó jìnnà bí agbowó orí?"

"Atẹ́gùn ni mò ń gbà, mà. Màmá, ikọ́ yín yìí ńkọ́?"

"Ikọ́ mi ń bẹ. Ó ní kí n kí ẹ."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ hú u sínú ife kékeré yìí fún mi."

"Hú kí ni?"

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, mà. Èyí tó bá ti inú àyà wá."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èmi tí mo nu imú ẹ, tí mo nu ti ìyá ẹ, èmi lo fẹ́ máa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀? Gbé ife ẹ, jàre. Lọ fún Roosevelt Tate, ohun gbogbo lòun máa ń fi hàn ẹ́."

Lurlean rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ife náà. Ó jókòó. Màmá Idella ń bó ẹ̀wà lọ. Nígbà tó pẹ́, ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Wọ́n fi ọkọ̀ wá mú màmá mi. Ibi tó o jókòó sí yẹn ni mo dúró sí. Wọ́n ní wọ́n ń gbé e lọ sílé àwọn oníkọ́ lórí òkè, pé ó máa padà kí òwú tó là. Òwú là. A ká a tán, a tún gbin òmíràn. Àwa náà la lọ gbé òkú ẹ̀ wá."

"Wọn ò mú ẹnikẹ́ni lọ mọ́, mà. Ilé yín níbí lẹ máa wà. Èmi ni máa máa gbé oògùn wá bá yín."

"Kí gbogbo èèyàn máa rí mọ́tò ẹ lẹ́nu ọ̀nà mi?"

"Wọ́n á rí i lẹ́nu ọ̀nà tiwọn náà."

Ìyá náà dá ọwọ́ dúró. "Ọmọ ta ni?"

"Mi ò lè sọ, mà."

"Mi ò ní kó o sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí Kezia gbẹ̀yìn. Tonya ò sì wá kọrin." Ó wo Lurlean lójú. "Ṣé èmi ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìyẹn."

Màmá Idella gbé abọ́ ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. "Gbé ife yẹn wá," ló wí.

Òun ni lóòótọ́. Dókítà ní Montgomery ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kó o nígbà tó wà lọ́mọdé, pé kòkòrò náà sùn sí i láyà láti ìgbà yẹn wá, títí ogbó fi sọ ara di ahẹrẹpẹ, tó wá jí. Ikọ́ òwú pẹ̀lú ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jọ ń gbé pọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ ìgbà tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Lurlean sọ fún un ní fàráńdà níbẹ̀. Ìyá náà ní, "Itan màmá mi náà ni mò ń wà, nígbà yẹn."

Ó wà nílé títí àyẹ̀wò fi fi hàn pé kò lè ranni mọ́. Lurlean ń gbé oògùn wá, ó ń dúró tì í títí á fi gbé e mì. Oògùn náà ń yí ìtọ̀ padà sí àwọ̀ ọsàn, Màmá Idella sì ń pariwo láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pé kí Lurlean wá gbé kọ́ọ̀bù, pé omi ọsàn ti jinná. Àwọn ọmọ tó ti jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní Macedonia, Lurlean yẹ gbogbo wọn wò. Díẹ̀ nínú wọn ti gba kòkòrò náà sára, ṣùgbọ́n kò tíì dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó jí. Ara Kezia yá, ó padà wálé, ó rù, ó sì ń fi igbe béèrè oúnjẹ.

Lurlean kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó láti pa ìlú wa lẹ́nu mọ́. Wọ́n rí i pé ó ń dúró ní gbogbo ilé. Wọ́n tún rí i pé kì í kánjú kúrò ní fàráńdà kan. Ẹ̀wẹ̀, ta ni kò sí lórí bẹ́ǹṣì iwájú? Wọ́n ṣe ìṣirò wọn, lọ́tẹ̀ yìí, ìdáhùn wọn tọ̀nà. Tonya wá bá Lurlean ní ọ́fíìsì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dárúkọ ẹ̀."

"Mi ò ní dárúkọ ẹnì kan."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Tó o bá mọ̀ ọ́n, kí lo tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi?"

Tonya dúró, àpò rẹ̀ lápá. "Inú ń bí mi, mà. Ó fẹ́ràn ọmọ mi. Ká ní ó kórìíra ẹ̀ ni, màá mọ ohun tí máa fi ìbínú yìí ṣe." Ó sì jáde.

Nígbà tí Màmá Idella padà sí Macedonia, wọ́n kí i dáadáa. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n gbé adìẹ díndín wá fún un nílé. Ẹnikẹ́ni ò gbé ọmọ wá fún un. Àwọn ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní nítorí ariwo ni. Lurlean kó gbogbo wọn jọ lẹ́yìn ìsìn, ó sì ṣàlàyé, láìdárúkọ, pé ẹni tó bá ti lo oògùn, tí àyẹ̀wò sì ní ó ti mọ́, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí ohun tó kù láti bẹ̀rù lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì." Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tún gbà lọ.

Màmá Idella lo oògùn rẹ̀ parí, kò fo ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ tó gbé èyí tó kẹ́yìn mì, Lurlean kí i kú oríire.

"Oríire kí ni?" ni ìyá náà wí. "Ẹ ti wò mí sàn, ẹ gbé mi kalẹ̀ síbẹ̀ bí àga. Àga gan-an, èèyàn a máa gbé nǹkan lé e."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Lurlean ju bó ṣe lè fi hàn lọ. Ó ti gba ẹ̀mí ìyá náà là, kò sì rí ohun tí ẹ̀mí náà wà fún gbà padà fún un.

Ní oṣù Kọkànlá, ní àjọ̀dún ìjọ, Renita wá láti Atlanta pẹ̀lú Amos, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, nínú ilé ìdáná, Lurlean sọ fún un ohun tó fẹ́ ṣe. Renita náà ti gbọ́ ohun tí gbogbo ìlú gbọ́.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fọmọ mi kọ́ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́ ni?"

"Mo ti fẹnu kọ́ wọn. Wọn ò gbà."

"Tí nǹkan kan bá wá ṣe é ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ṣé mo lè gbé Amos fún ẹni tí mi ò mọ̀ pé ara ẹ̀ mọ́ ni?"

Renita ń nu ẹnu ọmọ náà. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, tó bá rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní gbé e."

Àwọn akọrin dìde. Tonya wà láàárín wọn, Kezia sì wà ní ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Lurlean gba Amos lọ́wọ́ Renita, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú. Láti kékeré ló ti ń rìn ní àárín bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn, ọ̀nà náà kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Orin kò dúró, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀, nítorí pé ojú gbogbo àwọn tó ń kọ ọ́ ti kúrò nínú ìwé. Gbogbo ohun tó ń kọ́ni ló mọ̀: àyẹ̀wò, oògùn, fọ́tò àyà tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Kò ṣiyèméjì lórí ọ̀kankan nínú wọn. Síbẹ̀, àyà rẹ̀ ń já, ìtìjú ìyẹn sì ń mú un bó ti ń lọ.

Màmá Idella rí i tó ń bọ̀. Kò ṣí apá rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọmọ náà, ó ń wo Lurlean. Lurlean tẹ̀ ba, ó gbé Amos jókòó sórí itan rẹ̀. Ọmọ náà nawọ́ mú bọ́tìnì aṣọ funfun náà, ó sì ń fà á.

Ìyá náà kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Lurlean," ló wí, jẹ́jẹ́, kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́, "ṣé o ti gbé e fún mi?"

"Mo ti gbé e fún yín, mà."

"Wo ọwọ́ ẹ."

Lurlean wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì di ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó dì í mú gírígírí. Ó tú u sílẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì, Màmá Idella sì fi apá rẹ̀ méjèèjì gba ọmọ náà mọ́ra.